Ẹ̀rọ Orin Ràṣídì àti Àpò Ìyá Àjíkẹ́

Ọkọ mi Ràṣídì kì í gbà pé nǹkan lè borí òun, ìwà yẹn ló sì máa pa mí lọ́jọ́ kan. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi wa bá dákẹ́, kò ní pe ẹni tó ń tún un ṣe. Yóò bọ́ ẹ̀wù, yóò tú u palẹ̀ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Fáànù pálọ̀ tó tú palẹ̀ kí àwẹ̀ èṣí tó dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà títí di òní. Bí mo bá ń gbálẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kọ lù ú, inú mi a tún ru.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ píòpí ló ń ṣe, àwọn tó ń po ẹfun mọ́ omi, tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ẹ bá wọ ilé olówó kan ní Oniru, tí ẹ gbójú sókè, tí ẹ rí òdòdó funfun tó yí gílóòbù ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi lẹ ń wò yẹn. Tí ẹ bá wá wọ ilé tiwa ní Lángbàsá, ní Ajah níbí, ẹ má wòkè. Páálí ló wà lájà tiwa, òjò sì ti ya àwòrán sí i.

A jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà ní Ẹ̀pẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí àwọn aya rere ṣe ń ṣe. Mo ti mọ̀ ọ́n nígbà tí ikun ṣì ń yọ nímú rẹ̀. Ní báyìí, Free Zone ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan. Bọ́ọ̀sì wọn ń wá gbé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí Ṣúbúù. Èmi ń ránṣọ níwájú ilé. Ishaq ọmọ wa wà níléèwé ní Ìlọrin. Ó ra kọ̀ǹpútà mìíràn lọ, ó fi tòkunbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ kó gbé méjèèjì lọ.

Ara Ìyá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àjíkẹ́ ló bí ọkọ mi, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n yọ̀ ṣubú nídìí kànga. Wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí wọn, kí aládùúgbò kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí Ràṣídì ṣe gbọ́, ó lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá kó ẹrù wọn sínú àpò Gáná-Mọ́s-Gò kan, wọ́n gbé e síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá Ishaq, wọn kò sì tú u. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ìró, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ẹnu àpò, wọ́n á fa ìró yọ, wọ́n á sì tún fa síìpù rẹ̀ padà. Mo ra dúrọ́ọ̀ oníke fún wọn. Ó ṣófo bó ṣe ti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á dé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín to ẹrù yín."

"Àlejò kì í to ẹrù, Mùínàt."

Tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á ní, "Ràṣídì, ọjọ́ wo lò ń mú mi lọ ulé?" Bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń pe ilé nìyẹn. Èmi àti ọkọ mi ti gbé èdè yẹn sọnù lójú ọ̀nà Èkó, Ìyá ò gbé tiwọn sọnù. Ràṣídì á dáhùn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, á tún sún un síwájú. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Tí wọ́n bá tún ṣubú nídìí kànga yẹn, ta ni yóò gbé wọn dìde? Mo sì fẹ́ràn Ìyá. Nígbà tí mo bí Ishaq tí ara mi kò yá, àwọn ló ń wẹ ọmọ, àwọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn bọ́ mi bí ọmọdé. N kò fẹ́ kí wọ́n lọ, mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ Àsàlátù, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tó máa ń péjọ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday láti ṣàdúrà, kí wọ́n sì kọrin. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ohùn Ìyá ló ń jí gbogbo àdúgbò. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì orin náà wà lọ́wọ́ Ràṣídì, ó sì ti ní kí Mikail, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà wa, bá òun kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà Ishaq. Ó wá sọ fún mi pé àárò orin yẹn ló ń sọ Ìyá.

"Tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ láràárọ̀, wọn ò ní dárúkọ Ẹ̀pẹ́ mọ́."

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Wọn kì í béèrè irú ẹ̀, Ìyá Ishaq. Èèyàn kàn máa ń ṣe é fún ìyá ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́ létí. Òun náà ló kó wa sí wàhálà.

Fóònù ló kọ́kọ́ lò. Ó gbé e sẹ́bàá etí Ìyá, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n yí orí kúrò. "Ta ló ti yànmùyánmú mọ́nú agolo?" Èmi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ mi dé egungun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá ohùn ńlá kiri.

Oniru ni ohùn ńlá ti wá. Ọkùnrin kan tí Ràṣídì ṣe àjà fún ń kó lọ sí Kánádà, ó sì ní kó máa gbé ẹ̀rọ orin òun lọ, pẹ̀lú spíkà méjì tó ga dé ìbàdí mi. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ki síídì bọ̀ ọ́, n kò rí i. Mo wá ibi kásẹ́ẹ̀tì, kò sí. Ràṣídì ń fi mí ṣẹ̀rín. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni orin wà, wáífáì ni ẹ̀rọ yìí fi ń fà á. Ó ní kọ̀ǹpútà ni ìkòkò, ẹ̀rọ ni àwo, wáífáì sì ni ìgbakọ tó ń bu ọbẹ̀ láti inú ọ̀kan sínú ìkejì, tó fi jẹ́ pé ìkòkò lè wà ní yàrá kí àwo wà ní pálọ̀. Ní ilé tiwa, àti ìkòkò àti àwo, pálọ̀ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n ń wojú ara wọn. Mo ní kó kúkú fi waya so wọ́n pọ̀. Ó wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ àìmọ́.

Lọ́jọ́ tó tò ó tán, Ìyá ti sùn. Ó yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, orin jáde. Ó jáde lóòótọ́! Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, ohùn Ìyá sì ń gùn ún lọ sókè. Ràṣídì di ọwọ́ mi mú, ó ń jó láìgbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó má baà jí ìyá rẹ̀. Inú mi dùn, n kò purọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ètò rẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ láràárọ̀, tí Ìyá ti kírun tí wọ́n sì ti ka tẹ̀súbáà wọn tán, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ní kí n má ṣe sọ fún Ìyá, kí ó lè bá wọn lójijì.

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, Ìyá kírun tán, èmi náà kírun tán, pálọ̀ dákẹ́ lọ gbáú. Fóònù mi dún.

"Ṣé ó ti ń kọ?"

"Kò kọ. Ó kọ̀."

"Ìyá Ishaq, má bá mi ṣeré. Lọ wò ó. Ṣé iná wà lára wáífáì?"

"Ó wà."

"Lára ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó kọ gẹ̀ẹ́sì sójú pé òun ò rí ibi tí orin wà. Kọ̀ǹpútà ló kú."

"Ó kú báwo? Mo fi í sílẹ̀ ní títàn!"

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Má fọwọ́ kàn án! Jẹ́ kí n wá bá a bó ṣe wà." Bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti jalè ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Tó bá jẹ́ pé èèyàn ló máa máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, kí wá ni àǹfààní ẹ̀?"

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà dìde bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, orin jáde. Ó dá ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: iná ìjọba ló lọ tó tún dé. Wáífáì àti ẹ̀rọ a máa tàn fúnra wọn bí iná bá padà, àmọ́ kọ̀ǹpútà yìí ní bọ́tìnnì tirẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ó fa waya láti ara bátìrì ínfátà, èyí tí a ń lò bí iná bá lọ, wá síbi kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé fáànù yàrá wa kò rí nǹkan lò mọ́. Mo sun oorun ooru. Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà tún kú.

Ó pe Mikail. Mikail tú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà mi, ó mi orí. "Àǹtí, power pack ẹ̀ ló ti weak. Òun ló ń pa á." Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún kú. Mikail padà wá, ó ní bóyá ooru ni. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kó lè gba atẹ́gùn, ẹ̀fọn wọlé jẹ àwa èèyàn. Ó tún kú.

Gbogbo àárọ̀ ni Ràṣídì ń pè láti ibi iṣẹ́. Mo ń wọn ìbàdí oníbàárà lọ́wọ́, ó ń bi mí bóyá iná pupa ni tàbí ewéko. Mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń bi mí bóyá mo gbọ́ ìró kankan lára kọ̀ǹpútà kó tó kú. Mo ní, "Bàbá Ishaq, ó ní kí n kí ẹ pé ó dàárọ̀." Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ìgbà tí kò tún rí ẹni dá lẹ́bi mọ́ ló wá kọjú sí mi. Ó ní ẹsẹ̀ mi ni. Ó ní bí mo bá ń kọjá lọ síbi tí mo kó aṣọ sí, ẹsẹ̀ mi ló ń gbá waya. Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ń rìn bí ológbò nínú ilé ara mi nítorí ẹ̀rọ tí kò sọ̀rọ̀ rí! A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ó fi di ọjọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ náà ló po píòpí. Ó ri gbogbo waya náà mọ́ ara ògiri, ó dí i pa, ó fi ẹfun yí súwíìsì ká, kò sì lè fi mọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ṣe é ní òdòdó, pẹ̀lú ewé, pẹ̀lú ìtànná, súwíìsì wá wà láàárín rẹ̀ bí ojú òdòdó. Píòpí kan ṣoṣo tó wà nílé wa nìyẹn. Ìyá jáde láti yàrá, wọ́n fọwọ́ pa á.

"Ọma mi, èyí mà dáa o."

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, Ìyá," ni ọkọ mi fi dáhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá tún béèrè ọjọ́ tí wọn yóò lọ. Wọn kò dúró de ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní bí Ràṣídì kò bá ráyè, kó fi wọ́n sínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ nìkan, wọ́n mọ̀nà. Mo wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn bá òun bẹ ìyá òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Kọ̀ǹpútà tún kú láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi kò kan waya, nítorí waya ti wà nínú ògiri.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, oníbàárà kan ń kánjú gba aṣọ. Mo kírun tèmi tán, mo lọ jókòó sí igun pálọ̀, mo ń fi ọwọ́ rán etí rẹ̀. Ìyá wọlé pẹ̀lú búútà, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní ìgúnpá wọn. Wọn kò rí mi. Wọ́n lọ tààrà síbi ògiri, wọ́n ní "Bìsìmílà," wọ́n na ìka sí àárín òdòdó píòpí ọkọ mi, wọ́n sì tẹ súwíìsì. Kọ̀ǹpútà kú. Wọ́n rìn lọ sí èkejì, "Bìsìmílà," wáífáì kú. Wọ́n lọ sí ìkẹta, ẹ̀rọ orin kú. Wọ́n pa ti fíríìjì mọ́ ọn. Wọ́n wá tẹ́ ẹní wọn, wọ́n kírun. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, wọ́n dìde, wọ́n tún tan gbogbo rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe bá a. Wáífáì tàn. Ẹ̀rọ tàn. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ ní tirẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà! Mo rántí ooru tí mo sun. Mo rántí eruku Mikail lórí aṣọ oníbàárà mi. Mo rántí ẹsẹ̀ mi tí wọ́n dá lẹ́bi. Mo ti ya ẹnu mi láti pariwo "Ìyá!" nígbà tí ojú mi gba ilẹ̀kùn yàrá Ishaq wọlé, mo rí àpò Gáná-Mọ́s-Gò níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, síìpù rẹ̀ wà ní fífà dé òkè. Mo gbé ohùn náà mì.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ń pa iná yìí?"

Inú wọn dùn pé mo rí i. "Ó ti pẹ́ tí mo ti í ṣe é. Àní gbogbo òru ni uná ń jó lásán, kò sẹ́ni tó ń lò ó, ọkọ ẹ ló sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Mo ní kí n máa bá a ṣọ́ ọ." Wọ́n jókòó sórí ẹní. "Ẹ ò jẹ́ kí n gbálẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n fọ abọ́. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan omi. Kí lèmi wá wà fún? Èyí nìkan ni mo rí ṣe nínú ulé yìí, Mùínàt."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Mo padà sídìí aṣọ mi, mo sì ń rán ibi tí kò yẹ kí n rán.

Nígbà tí Ràṣídì dé, mo fà á jáde síwájú ilé, mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Power pack ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ínfátà?"

"Ìwọ náà mọ̀."

"Píòpí tí mo ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ó jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti rí súwíìsì."

Ó ti fẹ́ wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Mo ní bó bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ ò ní ṣú lọ́la kí àpò yẹn tó wà nínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí Ìyá sọ fún mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà mi.

"Kí n wá ṣe é báwo?"

"Fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kún iṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá ti tan ti ara ògiri, kí wọ́n tẹ ìyẹn náà."

"Kò ní bá wọn lójijì mọ́ nìyẹn."

"Ìyẹn ti kú, Bàbá Ishaq. Lọ sin ín."

Ó dúró de ọjọ́ ìsinmi kan tí kò sí iṣẹ́, kó lè wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyá tan iná ara ògiri tán, ó mú wọn lọ́wọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ìyá, láti òní lọ, ẹ ó máa tẹ èyí mọ́ ọn."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná."

Wọ́n ní "Bìsìmílà," wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yẹn kì í kánjú. Ó ń kùn, ó ń ronú. Ràṣídì ń làágùn láàárọ̀ kùtù. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi, mo ń sọ nínú ara mi pé bí nǹkan yìí bá tún kọ̀, èmi ni n ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Orin wá bú jáde nínú spíkà méjèèjì, ó kún pálọ̀ dé àjà páálí wa.

Ọ̀nà jìn o, a ò ní ṣáko,
Ọba tó dá wa ló mọ ilé.

Àwọn obìnrin sì gbè é: Ó mọ ilé, Ọba wa mọ ilé. Kì í ṣe yànmùyánmú o. Ìyá Àjíkẹ́ gan-an ni, nígbà tí eyín wọn ṣì pé.

Ìyá jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń tẹ́tí. "Ìyá Kàsímù nìyẹn," ni wọ́n wí, "tó ń fa ohùn gùn." Wọ́n tún tẹ́tí. "Ọlákẹ́mi nìyẹn, àtẹ́wọ́ ẹ̀ kì í bá tẹnì kankan mu." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Gbogbo wọn ti lọ." Omi ti ń bọ̀ lójú ọkọ mi, ó rò pé òun ti borí.

Ìyá dìde. Wọ́n rọra rìn lọ síbi ògiri, wọ́n na ìka sí àárín òdòdó, wọ́n sì pa á.

"Ìyá!" Ohùn Ràṣídì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. "Kí lẹ pa á sí?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Ó dáa. O ṣeun, ọma mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọma tìẹ náà ṣe fún ẹ." Wọ́n padà jókòó. "Àmọ́ kí la fẹ́ máa jó uná sí, nígbà tí olórin wà nínú ulé?"

Wọ́n hú ọ̀fun, wọ́n sì gbé orin náà. Ohùn wọn kò tó ti inú ẹ̀rọ mọ́, ó ti ya létí, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ṣì yé e. Wọ́n kọ ọ́ dé ibi tí elégbè yẹ kó gbà á, wọ́n dúró. Wọ́n wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ò ní gbè é ni?"

Mo gbè é. Mo ti mọ ègbè yẹn kí n tó mọ ọkọ. Ràṣídì náà gbè é, ohùn rẹ̀ burú jáì, ó ṣì di rìmóòtù ẹ̀rọ náà mú lọ́wọ́. Ìyá tún lé e, a tún gbè é. Nígbà tí a ṣe é tán, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ṣẹ́ ẹ rí i, ní Ẹ̀pẹ́, èmi nìkan ni mo ń kọ ọ́ nídìí kànga yẹn. Tí mo bá dé ibi ègbè, mo kàn máa dúró ni." Wọ́n yíjú sí mi. "Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé yìí, ta ló ń lé orin fún wọn?"

"Ìyá, kò sẹ́nì kankan. Ariwo ni gbogbo wọn ń pa."

"Mo máa ń gbọ́ wọn lójú fèrèsé. Ó ń dùn mí." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀la kọ́ ni Sunday?"

"Ọ̀la ni."

"Bá mi mú ìborùn funfun mi. Ó wà nínú àpò, ní ìsàlẹ̀ pátápátá."

Ràṣídì wò mí, mo wò ó. Ó fi rìmóòtù sílẹ̀. Mo wọ yàrá Ishaq lọ, mo fa síìpù àpò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dé ìsàlẹ̀ láìkó ti òkè kúrò. Mo yọ ìró, mo tò ó sínú dúrọ́ọ̀. Mo yọ bùbá, mo tò ó lé e. Mo yọ gèlè, mo yọ bàtà tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dì, títí mo fi kan ìborùn náà. Mo gbé e jáde fún wọn. Nígbà tí mo padà wọlé, mo ká àpò tó ṣófo yẹn, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù.